Iṣẹ́ Ni, Kì Í Ṣe Àjẹ́

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó máa ń jáde lẹ́nu wa nígbà tí ohun kan bá ju òye wa lọ. Dókítà gbé ẹ̀rọ lé ikùn aboyún, ó ní akọ ni ọmọ inú rẹ̀, ẹnì kan tẹ fóònù ní Kútọnu, ìyá rẹ̀ gba owó ní Ṣábẹ kí ó tó mí lẹ́ẹ̀mejì, àwa a mi orí, a ní: "Àjẹ́ ni òyìnbó." Ọ̀mọ̀wé ń sọ ọ́, púrúǹtù ń sọ ọ́. A ń sọ ọ́ ní èdè Yorùbá, a ń sọ ọ́ ní èdè Faransé, ẹ̀rín ni a sì fi ń sọ ọ́, bí ẹni pé ìyìn ni. Èmi kò gbà pé ìyìn ni. Ìlẹ̀kùn ni, a sì ń tì í mọ́ àwọn ọmọ wa síta.

Ẹ rò ó wò. Káfíńtà a máa gba ọmọ iṣẹ́. Aránṣọ a máa gbà, mẹkáníìkì a máa gbà. Òbí a mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá, wọn a dá ọdún, ọmọ a gbálẹ̀, a pọnmi, a di irin mú títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi mọ iṣẹ́. Ní ọjọ́ ìgbòmìnira wọn a da àtíkè sí i lára, gbogbo àdúgbò a sì mọ̀ pé ó ti di ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń mú ọmọ rẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àjẹ́? Ohun tí a bá ti pè ní àjẹ́, a ti sọ pé a bí i mọ́ àwọn kan ni, tàbí pé òru ni wọ́n fi ń gbà á. A ti sọ pé kò sí ọ̀nà tí ọmọ Kétu tàbí ọmọ Àjàṣẹ́ lè gbà dé ibẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Mo mọ̀ pé ní Kétu a kì í fi ẹnu lásán pe àwọn ìyá wa, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni a fi ń tù wọ́n. Kì í ṣe àwọn ni mo ń bá wí. Àwa tí a ń fi orúkọ wọn bo ọ̀lẹ wa mọ́lẹ̀ ni mo ń bá wí.

Nítorí náà mo fẹ́ mú yín lọ sí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ì bá ti bá mu jù lọ, bí ó bá jẹ́ òótọ́: abẹ́ ilẹ̀ kan ní ẹ̀gbẹ́ ìlú Genève, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ físíìsì, ìmọ̀ tí àwa ń kọ́ni nínú PCT, ti ń fi ẹ̀rọ ńlá mú èérún inú átọ̀mù sáré. Nígbà tí mo fi àwòrán ẹ̀rọ náà han àwọn ọmọ Terminale mi, ọmọ tí ó mọ ìṣirò jù nínú wọn ni ó kọ́kọ́ sọ pé àjẹ́ ni. Ọmọ tí ó mọ ìṣirò jù!

CERN ni orúkọ ilé iṣẹ́ náà. Ààlà Swítsàlandì àti Faransé ni ó wà. Ìpàdé UNESCO ní ìlú Florence ní ọdún 1950 ni a ti gbé ìmọ̀ràn rẹ̀ dìde, nígbà tí eérú ogun kò tíì tutù ní Yúróòpù. Orílẹ̀-èdè 12 fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, ó sì fìdí múlẹ̀ lábẹ́ òfin ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 1954. UNESCO yìí kan náà ni ó kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wa ní ọdún 2001 pé ó jẹ́ ọ̀kan nínú ogún ńlá tí gbogbo ọmọ aráyé gbọ́dọ̀ tọ́jú. Ti Gẹ̀lẹ̀dẹ́, kò sí ìpàdé ẹgbẹ́ tí a kì í ti í rántí rẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ti CERN, n kò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni láàárín wa. Àjọ tí ó mọ iyì Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni ó ṣe agbátẹrù CERN, kò sì rí ìjà kankan láàárín àwọn méjèèjì.

Ẹ̀rọ tí ó tóbi jù níbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní LHC. Òrùka ni, wọ́n gbẹ́ ihò rẹ̀ sí nǹkan bí mítà 100 sísàlẹ̀ ilẹ̀, yíyípo rẹ̀ sì jẹ́ kìlómítà 27: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀nà Àjàṣẹ́ sí Kútọnu. Prótọ̀nù, èérún tí ó wà nínú ọkàn gbogbo átọ̀mù, ni wọ́n ń rán lọ nínú rẹ̀. Àwọn kan gba ọ̀tún, àwọn kan gba òsì, wọ́n sì ń yí òrùka náà po ní ìgbà tí ó lé ní 11,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Irin òòfà ńláńlá 1,232, tí gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 15, ni ó ń tẹ ipa ọ̀nà wọn kí wọ́n má baà ya bàrá. Kí irin òòfà wọ̀nyí lè ní agbára tó bẹ́ẹ̀, wọ́n ń fi hílíọ́mù olómi mú wọn tutù dé −271 lórí òṣùwọ̀n Celsius, èyí tí ó tutù ju òfurufú tí ó wà láàárín àwọn ìràwọ̀ lọ. Ní ibi mẹ́rin, wọ́n jẹ́ kí ọ̀nà méjèèjì pàdé. Prótọ̀nù a kọlu prótọ̀nù, agbára ìkọlù náà a sì di èérún tuntun tí kì í pẹ́ kí ó tó pòórá. Ẹ̀rọ atọpasẹ̀ ni ó yí ibi ìkọlù kọ̀ọ̀kan ká. Ọ̀kan nínú wọn, ATLAS, ga ní mítà 25, ó gùn ní mítà 46.

Ní ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún 2012, ẹgbẹ́ ATLAS àti ẹgbẹ́ CMS kéde pé àwọn ti rí èérún tuntun kan tí ó jọ èyí tí wọ́n ń pè ní Higgs. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po 133 ti prótọ̀nù. Láti ọdún 1964 ni àwọn onímọ̀ ti fi ìṣirò sọ pé ó yẹ kí irú rẹ̀ wà. Ọdún 48 kọjá kí ojú tó rí i. Peter Higgs àti François Englert gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2013. Orúkọ wọn ni ayé mọ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ta ni ó ṣe iṣẹ́ náà lójoojúmọ́? Púpọ̀ nínú rẹ̀, ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ ni: àwọn tí wọ́n ń kọ ìwé oyè dókítà lọ́wọ́, àti àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á, tí ọjọ́ orí wọn kò ju ti èmi tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí lọ.

Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀lé irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀. Òru ni iṣẹ́ rẹ̀ bọ́ sí lọ́sẹ̀ yìí. Wákàtí 8 ni yóò fi jókòó ní yàrá ìdarí, tí yóò máa ṣọ́ àwọn ojú kọ̀ǹpútà tí ó ń sọ bóyá apá kan ẹ̀rọ náà ti gbóná jù, tàbí bóyá apá kan ti dákẹ́. Ọ̀pọ̀ òru ni ohunkóhun kì í ṣẹlẹ̀. Kọfí ni alábàárìn rẹ̀. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ òru bá parí, iwájú kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ni yóò tún padà sí, yóò máa kọ ètò ní Python tàbí C++, nítorí kò sí ẹni tí ó lè fi ojú lásán wo ohun tí ẹ̀rọ náà ń kó jọ. Ìkọlù lè tó bílíọ̀nù kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan; ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ a da èyí tí ó pọ̀ jù nù, díẹ̀ péré ni a ń tọ́jú. Nínú èyí tí a tọ́jú náà, iyanrìn ni ó pọ̀, wúrà ni ó ṣọ̀wọ́n. Iṣẹ́ ọ̀dọ́ yìí ni láti mọ gbogbo ọ̀nà tí iyanrìn ń gbà dán, kí ó má baà pè é ní wúrà. Ó lè lo ọ̀pọ̀ oṣù lórí ìdíwọ̀n kan ṣoṣo, kì í ṣe láti rí ohun tuntun, bí kò ṣe láti mọ iye tí òun fi lè ṣìnà.

Ohun kan wà nínú iṣẹ́ wọn tí mo fẹ́ràn ju ìyókù lọ. Wọ́n a máa di ojú ara wọn. Kí wọ́n tó wo ibi tí wọ́n rò pé ohun tí wọ́n ń wá wà, wọn a fi aṣọ bo ibẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Wọn a ṣe gbogbo òfin ìdíwọ̀n tán, wọn a jíròrò rẹ̀, wọn a fọwọ́ sí i, kí wọ́n tó ṣí aṣọ náà. Ìdí ni pé wọ́n mọ̀ pé ọkàn ènìyàn máa ń rí ohun tí ó bá ń fẹ́. Ṣé àjẹ́ ni ó ń di ojú ara rẹ̀ báyìí? Ẹni tí ó bẹ̀rù kí òun má tan ara òun jẹ ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí ó bá sì parí iṣẹ́ rẹ̀, kò tíì parí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ kan náà ni wọn yóò kọ́kọ́ dojú ìbéèrè kọ ọ́: kí ló dé tí o fi gé e níbí, báwo ni o ṣe mọ̀ pé kì í ṣe ariwo ẹ̀rọ? Oṣù lè gorí oṣù lórí èyí. Nígbẹ̀yìn, orúkọ rẹ̀ yóò jáde láàárín nǹkan bí 3,000 orúkọ, tí a tò gẹ́gẹ́ bí álífábẹ́ẹ̀tì, tí kò sì sí ohun tí yóò fi ọ̀gá hàn yàtọ̀ sí ọmọ iṣẹ́. Ní ọdún 2015, ATLAS àti CMS jọ tẹ ìwé kan jáde lórí ìwọ̀n Higgs: ènìyàn 5,154 ni ó kọ ọ́. Nínú ojú ewé 33 rẹ̀, 9 ni ti iṣẹ́, 24 ni ti orúkọ àwọn ènìyàn àti ilé ẹ̀kọ́ wọn. Nínú ẹgbẹ́ tiwa, a máa ń ka orúkọ ẹni tí ó ra àga kí a tó jókòó lé e.

N kò sọ pé ayé wọn dùn bí oyin. Àdéhùn iṣẹ́ ọdún méjì tàbí mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ní. Bí ó bá tán, wọn a di ẹrù, wọn a wá ìlú mìíràn. Ọkọ lè wà ní Genève kí aya wà ní Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ tí ó dúró pẹ́ kò tó nǹkan, nítorí náà púpọ̀ nínú wọn ni yóò fi físíìsì sílẹ̀ lọ sí báǹkì tàbí ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ilé wọ́n ní Genève débi pé ọ̀pọ̀ ń gbé ní ẹ̀gbẹ́ Faransé, wọ́n ń gba ààlà kọjá sí ibi iṣẹ́ ní àràárọ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Ìlárá tiwa ṣe ń gba ààlà kọjá lọ sí oko. Èdè Faransé jẹ́ ọ̀kan nínú èdè méjì tí CERN fọwọ́ sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ jù. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń rò pé Faransé yín kò kọjá Kútọnu, ẹ gbọ́ èyí.

Bí ó bá sì jẹ́ àjẹ́ ni, kí ni ó dé tí wọ́n fi ń ṣubú? Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án ọdún 2008, wọ́n yí prótọ̀nù po òrùka náà fún ìgbà àkọ́kọ́, ayé sì pàtẹ́wọ́. Ní ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn rẹ̀, ojú ibi tí a ti so wáyà pọ̀ láàárín irin òòfà méjì jóná. Hílíọ́mù tú jáde, ó sì ba ọ̀pọ̀ irin òòfà jẹ́. Oṣù 14 ni ó gbà kí prótọ̀nù tó tún yí òrùka náà po. Ojú ìsopọ̀ wáyà kan, irú èyí tí ọmọ iṣẹ́ oníná ní Àjàṣẹ́ mọ̀ dáadáa.

Ti ọdún 2011 tún kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ OPERA ń gba èérún tí a ń pè ní nutirínò ní Gran Sasso ní ilẹ̀ Ítálì, èyí tí CERN fi ránṣẹ́ gba inú ilẹ̀ láti ibi tí ó jìn tó kìlómítà 730. Ìdíwọ̀n wọn sọ pé nutirínò náà yára ju ìmọ́lẹ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ òótọ́ ni, a ní láti tún ìwé físíìsì kọ. Wọ́n gbé e síta, wọ́n ní kí ayé bá wọn wá ibi tí àṣìṣe wà. Ní ọdún 2012 wọ́n rí i: okùn tín-ín-rín kan tí ń gbé ìmọ́lẹ̀ wọ inú ẹ̀rọ aago wọn ni kò wọlé dáadáa. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn tún un wọ̀n, nutirínò kò yára ju ìmọ́lẹ̀ lọ. Àwọn aṣíwájú méjì nínú OPERA fi ipò sílẹ̀. Èmi kò mọ àjẹ́ tí ó ń pe aráyé jọ kí wọ́n wá wo ibi tí òun ti ṣìnà.

Mo mọ àwọn tí inú wọn ń dùn títí di ibí, nítorí wọ́n rò pé àwọn kì í sọ pé òyìnbó ni àjẹ́. Ọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀: "Àwọn baba wa ti mọ gbogbo rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó wà nínú Ifá." Mo bọ̀wọ̀ fún Ifá. Odù 256, tí a ń fi ilà kan tàbí ilà méjì tẹ̀ ní ìgbà mẹ́jọ, ìṣirò ni, ẹni tí ó bá mọ bí kọ̀ǹpútà ṣe ń kà yóò dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí odù tí ó sọ pé Higgs wúwo tó prótọ̀nù 133, babaláwo gidi kan kò sì ní purọ́ pé ó wà níbẹ̀. Babaláwo fúnra rẹ̀ mọ iye ọdún tí òun fi jókòó níwájú ọ̀gá òun. Òun ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ bínú sí ẹni tí kò kọ́ ohunkóhun tí ó ń sọ pé òun mọ ohun gbogbo. Ẹni tí ó ní "àjẹ́ ni òyìnbó" àti ẹni tí ó ní "a ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀", ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Àwọn méjèèjì ń wá ọ̀nà tí ọmọ kò fi ní jókòó ti iṣẹ́.

Ìbéèrè kan kù tí ó ní ìwọ̀n. Àgbàlagbà kan nínú ẹgbẹ́ wa bi mí pé kí ni èérún inú átọ̀mù fẹ́ ṣe fún abúlé tí kò ní omi ẹ̀rọ. Mo lè dá a lóhùn pé CERN ni Tim Berners-Lee ti gbé ìmọ̀ràn Web kalẹ̀ ní ọdún 1989, àti pé ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1993, CERN fi í sílẹ̀ fún gbogbo ayé láì gba kọ́bọ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ fi ìyẹn ṣe òpó ọ̀rọ̀ mi. Ta ni ó ṣòfin pé ìbéèrè ọmọ tálákà kò gbọdọ̀ ju oúnjẹ lọ? Ọmọ olówó ní Genève lè bi ara rẹ̀ pé kí ni a fi dá ayé. Ọmọ Ìdàáṣà, kí òun máa béèrè omi nìkan. Kí ọmọ náà béèrè omi, kí ìjọba sì fún un. Kí ó tún béèrè èyí tí ó kù.

Ibi tí ó ti ń dùn mí jù ni kíláàsì. Ní ayé àwọn baba ńlá wa, ọmọ tí ó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ ní ilé ìwé Faransé, wọn a fi àmì kan kọ́ ọ lọ́rùn, signal ni wọ́n ń pè é. Àmì náà ti kúrò ní ọrùn, ṣùgbọ́n ní ẹ̀kọ́ físíìsì, ó ṣì wà lórí ahọ́n. Ọmọ lè ka òfin Ohm ní Faransé láì ṣi ọ̀rọ̀ kan. Bí mo bá ní kí ó ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀ ìdí tí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ fi ń gbóná ju wáyà ńlá lọ, ó dákẹ́. Nígbà tí mo fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀, ọwọ́ márùn-ún gòkè lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú ìbéèrè. Ọ̀gá kan tí ó wá wo iṣẹ́ mi sọ fún mi pé kí n má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, pé èdè abínibí kì í ṣe ti ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Mo dá a lóhùn pé òfin Ohm kò mọ èdè kankan, òun ni ó ń darí iná ilé ọ̀gá náà àti ti ìyá mi.

Ṣùgbọ́n kí n tó bá ọ̀gá yẹn jà tán, ẹ ṣí ìwé ìròyìn tí ó wà lọ́wọ́ yín yìí. Ní ojú ewé Faransé ni a ti ń ka ọ̀rọ̀ òfin, ìlera àti ètò ọrọ̀ ajé. Ní ojú ewé Yorùbá, oríkì, òwe, ìtàn ìlú àti ìdárò òkú. Mo fẹ́ràn oríkì, mo sì mọ tèmi. Ṣùgbọ́n àwa fúnra wa ni a ti pín in báyìí: Faransé fún ọpọlọ, Yorùbá fún omijé. Ọ̀gá tí ó wá sí kíláàsì mi kò sọ ju ohun tí ìwé wa ti ń sọ láti ìtẹ̀jáde dé ìtẹ̀jáde.

Ọ̀nà kò sì jìn tó bí a ṣe rò. Ketevi Assamagan, ọmọ Tógò, wà nínú ẹgbẹ́ ATLAS, ó sì wà lára àwọn tí wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ físíìsì fún àwọn ọ̀dọ́ Áfíríkà sílẹ̀, èyí tí ó kọ́kọ́ wáyé ní Gúúsù Áfíríkà ní ọdún 2010, tí ó sì ti dé Gánà ní 2012 àti Sẹ̀nẹ̀gà ní 2014. Kí ẹnikẹ́ni má sáré sọ ọ́ di ọmọ Yorùbá. Ọmọ Tógò ni, ìyẹn sì tó. Ní Dangbo, tí kò jìnnà sí Àjàṣẹ́ rárá, ni ilé ẹ̀kọ́ ìṣirò àti físíìsì IMSP wà, èyí tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1988. Mélòó nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń ka ìwé yìí ni ó ti dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀? Láti ọdún 2014 ni CERN sì ti ń gbé díẹ̀ nínú ohun tí ẹ̀rọ rẹ̀ kó jọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ní kọ̀ǹpútà àti sùúrù, láì san owó.

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ kò pọ̀. Ojú ewé méjì ní Yorùbá nínú ìtẹ̀jáde kọ̀ọ̀kan, fún iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀, kí a sì jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn kọ ọ́. Ìrìn àjò ọjọ́ kan sí Dangbo lọ́dọọdún, láti inú owó tí a ń fi rán aṣọ ẹgbẹ́. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a kò tíì ní, kí a jókòó wá wọn pẹ̀lú àwọn àgbà. Mo ti lo èérún àti òòfà nínú àpilẹ̀kọ yìí, bí ẹnikẹ́ni bá ní èyí tí ó dára jù, kí ó kọ̀wé sí mi. Àpilẹ̀kọ àkọ́kọ́ fún ojú ewé méjì náà ti wà lọ́wọ́ olóòtú: bí irin òòfà ṣe ń tẹ ọ̀nà prótọ̀nù. Ọmọbìnrin kan ní Terminale D ni ó kọ ọ́, Yorùbá ni ó sì fi kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo ń dúró de èsì.